Kí owó tó kúrò lápò: Bí wọ́n ṣe ń yẹ pawa báìkì tòkunbọ̀ wò, tí wọ́n sì ń dá iye lé e

Ariwo wọn ni ènìyàn máa ń gbọ́ kó tó rí wọn. Pawa báìkì ni tolórí-tẹlẹ́mù ń pè é, alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí ẹni tó gùn ún á dọ̀bálẹ̀ lé táńkì epo lórí bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nǹkan ìṣeré ọmọ olówó lásán ni. Ṣùgbọ́n fún àwọn oníṣòwò kéékèèké kan, ọjà ni bí ọjà yòókù. Àwọn kan ń rà á, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń tà á. Àwọn kan ń fi í yáni fún ìgbéyàwó àti fíìmù. Àwọn mẹ́káníìkì sì wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti gùn lókè òkun kó tó dé èbúté. Níbẹ̀ gan-an ni ewu owó wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti fi náírà sílẹ̀ pé kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tí kò tó 500 náírà lójú ìjọba kọjá 1,000 náírà dáadáa kí ọdún 2024 tó parí. Àṣìṣe tí oníṣòwò ṣe ní ọdún 2015 tó kàn dùn ún lára, irú rẹ̀ lónìí lè gbé gbogbo owó ìṣòwò lọ. Bákan náà, iye tí ọ̀rẹ́ kan sọ pé òun ra tirẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ta ni alùpùpù yìí wà fún?

Ẹni tó fẹ́ máa fi gbé oúnjẹ tàbí ìwé kiri ìgboro, kó yáa pa á tì. Òótọ́ ni pé òfin ìrìnnà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, tó sì yọ alùpùpù àwọn agbẹ́rù-jíṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 200cc sókè sílẹ̀. Òótọ́ sì ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà akérò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí àwọn kan sì fi torí ìyẹn máa rò pé ẹ́ńjìnnì ńlá ni ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n alùpùpù 600cc tí wọ́n ṣe fún eré kò ní ibi tí wọ́n lè so àpótí ẹrù mọ́ dáadáa, ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ní sinmi, epo tó sì ń mu kò ṣeé fi wé ti Bajaj tàbí TVS. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣírò yẹn ti yanjú ara rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rà á kó tún tà, tàbí tó fẹ́ máa fi yáni, tàbí tó kàn fẹ́ràn rẹ̀ tí owó rẹ̀ sì ká a, ni ọ̀rọ̀ tó kù yìí wà fún.

Àwọn orúkọ tí ọjà mọ̀

Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin láti Japan ló gba ojú ọjà. Honda ní CBR600F4i àti CBR600RR tó jáde ní ọdún 2003. Yamaha ní R1 tó dé ní 1998 àti R6 tó tẹ̀lé e ní 1999. Suzuki ní GSX-R oríṣiríṣi, 600, 750 àti 1000, ó tún ní Hayabusa tó kọ́kọ́ jáde ní 1999. Kawasaki ní Ninja. Àǹfààní àwọn mẹ́rin yìí ni pé mẹ́káníìkì ti tú wọn palẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó, ẹ̀yà ara wọn sì ṣeé rí lára àwọn tó ti kú. Ducati ti ilẹ̀ Ítálì rẹwà lójú ju gbogbo wọn lọ, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹni tí kò bá sì ní mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n á kàn máa wò ó nínú ilé ni.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò yìí, 600cc ló bọ́gbọ́n mu jù. Ó dín owó kù, àwọn tó lè rà á sì pọ̀ ju àwọn tó lè ra 1000cc lọ. Ẹni tí kò gun alùpùpù ńlá rí tó sì lọ bẹ̀rẹ̀ lórí R1 tàbí Hayabusa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ti òwò mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ jù. Yamaha fúnra rẹ̀ polówó R6 ti ọdún 2006 pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí tó ìgbà 17,500 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí àṣírí tú pé kò tó bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní kí oníbàárà tí inú rẹ̀ kò bá dùn dá a padà gba owó. Bí ẹni tó ṣe é bá lè fi kún un, ẹni tó ń tà á lẹ́bàá títì ńkọ́?

Nọ́mbà kì í parọ́

Ní ọrùn fírémù, níbi tí ọwọ́ alùpùpù ti wọlé, ni wọ́n tẹ nọ́mbà ṣáàsì sí. Lẹ́tà àti nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 17. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é: JH2 ni ti Honda, JYA ti Yamaha, JS1 ti Suzuki, JKA ti Kawasaki. Lára àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀. 5 jẹ́ 2005, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́mbà yìí, nítorí náà bí wọ́n bá gbé ìwé kan jáde tí O wà nínú nọ́mbà ṣáàsì rẹ̀, ó kéré tán ẹni tó kọ ọ́ kò wo ara alùpùpù náà dáadáa. Nọ́mbà ṣáàsì tí wọ́n fi irin ha, tàbí tí ọ̀dà bò, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ná. Ẹni tó bá rí i kó máa lọ ni.

Ìdí mìíràn wà tí nọ́mbà yìí fi ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, bí alùpùpù bá fara gbá ìjàǹbá, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rí i pé owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí alùpùpù náà jẹ́, wọ́n á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí gbàǹjo. Ìwé irú rẹ̀ máa ń ní ọ̀rọ̀ kan lára: salvage. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ló gba ojú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ kọjá. Àwọn ilé gbàǹjo bíi Copart máa ń gbé àwòrán ọjà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹni tó bá tẹ nọ́mbà 17 yẹn síbẹ̀ lè rí àwòrán alùpùpù kan náà ní ọjọ́ tó wọ gbàǹjo, pẹ̀lú gbogbo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé alùpùpù salvage kò dára rárá. Òmíràn kàn fi ẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀ ni, tí ike rẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti èyí tí kò ṣubú rí, ẹni tó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìṣubú ń fara pamọ́ sí

Kíkùn dídán ló ń tan àwọn oníbàárà jẹ jù. Ike tí wọ́n fi bo ara alùpùpù ṣeé pààrọ̀ tán ní ọ̀sán kan, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣe àfarawé rẹ̀ ní owó tí kò tó ti ilé-iṣẹ́ gangan. Bí alùpùpù ọdún 2008 bá ní ike tó ń dán bíi dígí láti orí dé ìdí, ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà béèrè ni pé níbo ni èyí àkọ́kọ́ wà. Ike àfarawé kì í bára mu dáadáa níbi tí bóòtù ti ń wọlé. Ojú rẹ̀ á là díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi okùn rọ́bà so ó.

Lẹ́yìn ike ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Kí ènìyàn wo ṣóńṣó ọwọ́ alùpùpù lọ́tùn-ún lósì, ṣóńṣó irin bíréèkì àti ti kúlọ́ọ̀ṣì, etí irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lé, ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà, àti ìdérí ẹ́ńjìnnì tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti gbó tí ti òsì jẹ́ tuntun, ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi ṣubú.

Èyí tó ṣòro jù láti fi pamọ́ wà lábẹ́ ọrùn. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá ọwọ́ alùpùpù dúró nígbà tí wọ́n bá yí i dé òpin. Bí iwájú alùpùpù bá kọ lu nǹkan gidi, ibẹ̀ máa ń tẹ̀ tàbí kó ya. Kò sí ike tó bò ó, àwọn tó ń kùn ún kì í sì í rántí rẹ̀. Kí oníbàárà fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Kó tún wo ojú wẹ́dà fírémù bóyá ọ̀dà ibẹ̀ ti sán. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n bá a gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kó yí ọwọ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń há díẹ̀ ní àárín gangan, bọ́ọ̀lù ọrùn ti jẹ. Kó wá lọ dúró síwájú, kó wo ṣọ́ọ̀kì méjèèjì láti òkè dé ilẹ̀. Ọ́ìlì tó bá rin níbẹ̀ ń ṣàn lọ sórí bíréèkì ni, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ẹni tó bá ń wo Suzuki GSX-R600 tàbí 750 ti ọdún 2004 sí 2013, tàbí GSX-R1000 ti 2005 sí 2013, kó fojú sí bíréèkì iwájú gidigidi. Ní ọdún 2013 ni Suzuki pe àwọn wọ̀nyí padà nítorí ẹ̀yà kan tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì, tí ìpẹtà inú rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tí bíréèkì á fi rọ̀. Àwọn tí wọ́n ti kó wọ orílẹ̀-èdè mìíràn ṣáájú ìgbà náà lè má rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn gbà. Kí ènìyàn fún irin bíréèkì náà mọ́wọ́. Bó bá ń rì bíi fóòmù, owó àtúnṣe rẹ̀ ti wọ inú iye tí wọ́n máa ná.

Ẹ́ńjìnnì tútù

Kí oníbàárà sọ fún ẹni tó ń tà á kó tó dé pé kó má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé tó fọwọ́ kàn án tó gbóná, wọ́n ti fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún un, bóyá pé kì í tètè jí láàárọ̀, bóyá ariwo kan tó ń parẹ́ bó bá ti gbóná tán. Èéfín tó pọ́n bíi aró, tó sì ń jáde láì dáwọ́ dúró, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù. Alùpùpù tó ti jókòó pẹ́ nínú kọ̀ǹténà, epo inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ tó sì ń dí ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ṣeé fọ̀, kò burú jù.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí tí fáànù rédíétọ̀ yóò fi tan fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í ní sùúrù dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù tí kò ṣiṣẹ́ lè pa ẹ́ńjìnnì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán kan ṣoṣo. Kó tún fi mítà tí àwọn rewáyà ń lò wọn bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó yẹ kó tó nǹkan bíi 12.6. Bí wọ́n bá fún un níná, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, kì í ṣe bátìrì tuntun ni yóò tán ìṣòro náà, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ.

Táyà ní ọjọ́ orí lára. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti kọjá bí ọdún mẹ́fà ti ń gan, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ kún. Táyà ẹ̀yìn 600cc sábà máa ń jẹ́ 180/55-17, kò sí ti ọ̀kadà tó lè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ṣéènì ńkọ́? Kí ènìyàn fà á sẹ́yìn níbi tó ti yí po jíà ẹ̀yìn. Bí ó bá yọ débi pé ìdajì eyín jíà hàn, ṣéènì ti tán, àti jíà pẹ̀lú.

Ní ti iye tó ti rìn, àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ń ka máìlì, kì í ṣe kìlómítà. 30,000 tí ẹni tó ń tà á fi ń yangàn jẹ́ 48,000 kìlómítà. Wọ́n sì lè pààrọ̀ ojú mítà. Bíréèkì rẹ̀ ló sàn kí wọ́n wò. Wọ́n tẹ ìwọ̀n tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ nípọn dé sí ara pẹrẹsẹ irin rẹ̀. Alùpùpù tó ní 9,000 lójú mítà tí irin bíréèkì rẹ̀ ti jẹ lọ tán, ó ń sọ òtítọ́ tirẹ̀.

Ìṣírò náà

Bí wọ́n ṣe ń dá iye lé e kò le, ṣùgbọ́n ìwé àti bírò ló gbà, kì í ṣe ojú ìfẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn mọ iye tí irú rẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, tó dára délẹ̀ ń lọ lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kó béèrè níbi mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn náà kó yọ gbogbo ohun tí èyí tó wà níwájú rẹ̀ nílò kó tó dà bí èyí tó dára yẹn.

Ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Owó àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye ọjà òní. Ká ní èyí tó dára ń lọ ní 3,600,000 náírà. Èyí tí oníbàárà ń wò nílò táyà méjì, 280,000, ṣéènì àti jíà, 120,000, rọ́bà àti ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú, 60,000, bátìrì, 55,000, ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti ìtọ́jú àkọ́kọ́, 75,000, ìwé àti nọ́mbà, 70,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 660,000. Ó ku 2,940,000. Kó yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ohun tí ojú kò rí, ìyẹn 294,000. Ó ku 2,646,000. Ẹni tó fẹ́ gùn ún fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tún un tà, tó sì fẹ́ jèrè 300,000, òpin tirẹ̀ ni 2,346,000.

Àwọn mìíràn á ní èrè 300,000 kò burú. Ó dá lórí ìgbà tí yóò wọlé. Bí wọ́n bá kó owó rírà àti ti àtúnṣe pọ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tó há síbẹ̀. Bí wọ́n bá tà á láàárín oṣù kan, ó dára púpọ̀. Bó bá di oṣù mẹ́fà, 50,000 lóṣù ni, oníṣòwò tó ń ta ìpara tàbí aṣọ tí ọjà rẹ̀ ń yí lọ́sẹ̀ méjì-méjì lè jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí owó kan náà. Bó bá sì jẹ́ pé ó yá mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ni, ní èlé 4 nínú 100 lóṣù, 120,000 ló ń lọ lóṣooṣù. Oṣù méjì ààbọ̀, èrè ti tán. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó yá a lówó ni alùpùpù náà ń ṣiṣẹ́ sí.

Bí wọ́n ṣe ń ná an

Ìdúnàádúrà lórí ọjà báyìí kì í ṣe ariwo. Oníbàárà tó ti kọ gbogbo àbùkù sílẹ̀ kò nílò kó bú ọjà.

"Ẹ̀gbọ́n, jálẹ̀ èló ni?"

"Ọ̀gá mi, 3.5 ni mo sọ fún yín. Ẹ wo bó ṣe ń dán."

"Ó ń dán lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn yìí, ti 2014 ni. Ṣéènì náà ti tán, ọ́ìlì sì ń jò nínú ṣọ́ọ̀kì. Mo ti ṣírò rẹ̀, 660 ni yóò gbà. 2.2 ni mo mú wá."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un. Owó ọkọ̀ òkun nìkan ńkọ́?"

Ibi tí wọ́n bá parí rẹ̀ sí, ìṣírò yẹn ló ń darí rẹ̀. Owó ọkọ̀ òkun kì í ṣe ẹrù oníbàárà, kò sì yẹ kó yí òpin tirẹ̀ padà. Ẹni tó ń tà bá mọ̀ pé oníbàárà lè yí ẹ̀yìn padà kó máa lọ, òun ló máa ń pè é padà.

Ìwé tó kù

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí oníbàárà rí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú nọ́mbà ṣáàsì tó bá ti ara alùpùpù mu, lẹ́tà kan sí òmíràn. Ọjà tó gba Kútọnu kọjá láì ní ìwé yìí lè pọ́n ní owó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà ni iye rẹ̀ gangan yóò hàn. Bó bá ti ní nọ́mbà ìjọba lára, kó gba ìwé ẹ̀rí pé ti ẹni tó ń tà á ni, kí wọ́n sì yí orúkọ padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípò A ni ti alùpùpù, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò bò ó.

Kó sì béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì. Àwọn alùpùpù kan, pàápàá àwọn Honda tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù, ní ohun kan nínú kọ́kọ́rọ́ wọn tí ẹ́ńjìnnì ń dá mọ̀, tí kò ní jí bí kò bá rí i. Bí èyí kan ṣoṣo tó wà bá sọnù, oníkọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kò lè gé òmíràn tí yóò ṣiṣẹ́, ọpọlọ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni wọ́n lè ní láti pààrọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kọ́kọ́rọ́ kejì wà nílé, kí wọ́n jọ lọ mú un wá kó tó di pé wọ́n ka owó.